Àwòdì Òkè àti Ará Ilẹ̀: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Orúkọ, Ẹyẹ àti Ìgbé Ayé Ìlú

Lẹ́tà mẹ́rin ni a yàn fún ojú ìwé yìí ní oṣù yìí. Méjì ti Kétu wá, ọ̀kan ti Àjàṣẹ́, ọ̀kan ti Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn tó kọ wọ́n kò mọ ara wọn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn, ìyẹn ọ̀rọ̀ orúkọ tí ènìyàn ní láàárín ìlú: bí ó ṣe ń wá, àwọn tó ń fún ni, àti ohun tí a lè ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́. Àwòdì sì fò wọ inú mẹ́ta nínú wọn. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì ti yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa.

Lẹ́tà láti Kétu

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Oníṣòwò aṣọ ni mí ní ọjà Kétu. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, wọ́n fi mí jẹ akápò. Bí mo ṣe dìde láti dúpẹ́, ìyá àgbà kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún ní, 'Àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun.' Gbogbo ilé pariwo, àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ṣé wọ́n yìn mí ni, àbí wọ́n kìlọ̀ fún mi, àbí wọ́n ti rí nǹkan lọ́wọ́ mi tí èmi fúnra mi kò rí?"

Ìdáhùn

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ipò tuntun yìí á tù yín lára. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí òwe náà sọ àti ohun tí kò sọ. Kò sọ pé àwòdì gbé nǹkan oní-nǹkan, kò sì sọ pé àwòdì máa tó já bọ́. Ó sọ pé ẹyẹ náà wà lókè, pé ojú àwọn tó wà nílẹ̀ ń tẹ̀ lé e, àti pé òun fúnra rẹ̀ kò fura. Bí ìyá àgbà yẹn bá fẹ́ pè yín lólè, òwe tí yóò lò kò wọ́n ní Kétu. "Ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora": èyí ni àgbà máa ń fà yọ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan nǹkan rí, wọn kì í sì í pa á níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ní ọjọ́ ayọ̀ onítọ̀hún. Àgbà tó mọ òwe mọ àkókò rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn wa ń gbà pa òwe àwòdì òkè. Wọ́n ń pa á fún ẹni tó ń ṣe dáadáa láìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń kíyè sí òun: òṣìṣẹ́ tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ìyàwó tó ń tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò le, ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá kì í pè lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sì ń pa á fún ẹni tó rò pé ipò gíga tí òun wà ti bo ìwà òun mọ́lẹ̀. Ohùn ẹni tó pa á àti ibi tó ti pa á ni a fi ń mọ èyí tó jẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yín jẹ akápò ni. Ilé pariwo, wọ́n rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó dìde láti ní kí wọ́n yan ẹlòmíràn. Ìyìn ni. Èmi kò ṣiyèméjì lórí èyí rárá.

Ìyìn tó ní ojú ni, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ mọ̀ jù mí lọ pé ibi tí àtàǹpàkò bá dúró sí lórí ọ̀pá ni èrè àbòsí ń gbà wọlé: bí a bá fà á sẹ́yìn níwọ̀n ìka kan ṣoṣo nígbàkígbà tí a bá ń wọn aṣọ, oníbàárà tó sanwó ọ̀pá mẹ́wàá yóò gbé ohun tí kò pé mẹ́wàá lọ sílé, aránṣọ rẹ̀ ni yóò sì sọ fún un nígbà tí apá kan kò bá tó gé. Àwọn obìnrin tó yàn yín ti ra aṣọ lọ́wọ́ yín. Àwọn aránṣọ wọn ti tún un wọ̀n. Kò sí ẹni tó wá kí yín ní ọjọ́ tí ọ̀pá pé, nítorí pé kò sí ẹni tí í dúpẹ́ pé wọn kò rẹ́ òun jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi í sọ́kàn, ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́, títí di ọjọ́ tí wọ́n ń wá ẹni tí àpótí owó wọn yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí orúkọ ṣe ń wá nìyẹn ní ìlú tí a ti mọ ara ẹni. Ẹni tó ni ín kì í sábà sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fún un.

Ohun kan wà tí a kì í sọ nípa òwe yìí, òun ló sì jẹ mí lógún jù. Ojú àwòdì ni gbogbo ènìyàn ń gbà wò ó, bí ẹni pé òun nìkan ni òwe ń bá wí, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ilẹ̀ wà níbẹ̀, òwe sì dárúkọ wọn. Ẹni tó gbójú sókè tó ń wo ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ kan: kó rí i dáadáa kó tó sọ, kó má gbé ẹ̀ṣẹ̀ ẹyẹ kan rù ẹyẹ mìíràn, kó má sì gbé ojú kúrò ní ìdajì ọ̀nà. Ẹgbẹ́ tó yàn yín ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti máa ṣe é lọ. Ẹ ṣí ìwé owó sílẹ̀ ní gbogbo ìpàdé kí wọ́n tó béèrè, ẹ ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sókè, kí ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́ bí ẹni tó mọ̀wé ṣe gbọ́, kí ẹ sì máa pe ẹnì kejì mọ́ra nígbà tí ẹ bá ń ka owó.

Ní ti ìyá àgbà náà, ẹ lọ kí i nílé. Ẹ má lọ béèrè ìtumọ̀ òwe lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ ní kí ó máa rántí yín nínú àdúrà. Bí ó bá ní nǹkan mìíràn nínú, yóò sọ ọ́ fún yín ní kọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ. Ó ṣeé ṣe kí ó tún fi àwòdì kejì lé e, èyí tó ń re Ìbarà tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, tó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ìyẹn bá yín mu pátápátá: ọ̀nà ibi tí ẹ ń lọ tẹ́lẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ ti fi ọwọ́ tì yín sí.

Lẹ́tà láti Àjàṣẹ́

"Ẹ kú iṣẹ́ ìwé, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, mo ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì. A ń ka Coriolanus, eré tí Shakespeare kọ. Níbì kan, wọ́n bi ọkùnrin tí a fi orúkọ rẹ̀ pe eré náà pé níbo ló ń gbé, ó sì dáhùn pé ní ìlú àwòdì àti kannakánná ni. Olùkọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn ni. Nílé wa, ọmọ tó bá yára, tójú rẹ̀ sì mú, ni bàbá mi àgbà máa ń pè ní àwòdì. Kí ló fà á tí ẹyẹ kan náà fi ní orúkọ rere níbí, tó sì ní orúkọ burúkú lọ́hùn-ún? Kí sì ni àwòdì ń wá nínú ìtàn ìlú Róòmù?"

Ìdáhùn

Ọmọ wa, ìbéèrè tó dára ni, a ó sì fún un ní àyè tó yẹ ẹ́.

Ní nǹkan bí 1608 ni wọ́n gbà pé a kọ eré náà, ọdún 1623 ni ó sì jáde nínú ìwé títẹ̀, nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ti di olóògbé. Fún àwọn tí kò tíì kà á, ọ̀gágun Róòmù kan ṣẹ́gun ìlú Corioli, wọ́n sì fi orúkọ ìlú náà dá a lọ́lá. Àwọn ìjòyè fẹ́ kí ó gorí ipò tó ga jù ní Róòmù. Àṣà ìlú sì ni pé ẹni tó bá fẹ́ ipò bẹ́ẹ̀ yóò wọ aṣọ ìrẹ̀lẹ̀, yóò dúró ní gbangba ọjà, yóò fi àpá ogun ara rẹ̀ han àwọn aráàlú, yóò sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ohùn wọn tì í lẹ́yìn. Ó wọ aṣọ náà tìbínú-tìbínú. Ó béèrè ohùn wọn bí ẹni tó ń sin gbèsè. Àpá, kò fi hàn wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ gbà fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn agbẹnusọ wọn rán wọn létí gbogbo èébú tó ti bú wọn rí, wọ́n yí ohùn padà, ọ̀rọ̀ sì di rògbòdìyàn títí wọ́n fi lé e kúrò nílùú. Ó wá ré kọjá lọ sí ìlú Antium, ilé Aufidius tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, nínú aṣọ tálákà. Ibẹ̀ ni ìránṣẹ́ ilé náà ti bi í ní ibùgbé rẹ̀, tó sì fún un ní èsì tí o kọ sí wa yìí.

Àwọn kan gbà pé ìta gbangba ló ń sọ, abẹ́ ọ̀run, ibi tí ẹyẹ tí ń jẹ òkú ojú ogun ń gbé. Àwọn mìíràn gbà pé Róòmù ló ń bú. Ní tèmi, mo gbà pé méjèèjì wà nínú rẹ̀, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé abẹ́ ọ̀run ni òun ń gbé, síbẹ̀ "ìlú" ló pè é nígbà tí wọ́n tún béèrè. Ẹni tí wọ́n lé jáde nínú ìlú kò lè yọ ìlú kúrò lẹ́nu.

Kí àwòdì tó wọ inú eré náà, ó ti wà lójú títì Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí òǹkọ̀wé náà ti ń ṣiṣẹ́. Àwòdì tiwọn, tí ìrù rẹ̀ pupa rúsúrúsú, jẹ́ ìbátan tiwa, tí ẹnu rẹ̀ yẹ́lò. Ní ayé ìgbà náà, inú ìgboro gan-an ni wọ́n ń gbé, ìfun ẹran tí alápatà dà sílẹ̀ àti pàǹtírí ọjà sì ni oúnjẹ wọn. Wọ́n tún ń kó aṣọ tí a sá lọ fi tẹ́ ìtẹ́. Nínú eré mìíràn tí ọwọ́ kan náà kọ, The Winter's Tale, Autolycus tó ń jí aṣọ sísá kìlọ̀ pé nígbà tí àwòdì bá ń kọ́lé, kí oníkálukú máa ṣọ́ aṣọ wẹ́wẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wo eré nígbà náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí aṣọ tirẹ̀ náà lè ti lọ rí.

Wo bí wọ́n ṣe ṣe é: àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù da ìdọ̀tí sí ojú títì, ẹyẹ bá wọn jẹ ẹ́, àdúgbò mọ́ díẹ̀, wọ́n sì sọ orúkọ ẹyẹ náà di èébú fún ọ̀kánjúwà àti ojo. Ó dùn mí. Nígbà tí ìlú sì wá mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, tí ẹyẹ kò wúlò fún wọn mọ́, ìbọn àti májèlé ló kàn án. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, ó ti tán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀ ló kù ní Wales. Ọdún 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ rẹ̀ wọlé láti Spain àti Sweden láti tún un dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti tún pọ̀ níbẹ̀ báyìí.

Nílé wa ńkọ́? Jáde lọ sí ọjà tí alápatà wà, ní Ouando tàbí ibòmíràn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí o sì gbójú sókè. Wàá rí i tó ń rà bàbà láìju ìyẹ́, tí ìrù rẹ̀ tó là sí méjì ń yí sọ́tùn-ún, ń yí sósì, bí ẹni ń tukọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń rí i nígbà tó bá fẹ́ gbé nǹkan, nítorí ẹ̀yìn ló ń gbà wá. Ẹsẹ̀ ló fi ń gbé e, kì í ṣe ẹnu, kì í sì í balẹ̀ láti jẹun. Ojú òfuurufú ló ti ń tẹ orí ba sí ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń já ẹran náà jẹ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń fò lọ. Ẹni tí wọ́n gbé ẹran rẹ̀ yóò pè é lólè. Ẹni tó dúró lókèèrè yóò ní ẹyẹ yìí mọ iṣẹ́. Bàbá rẹ àgbà àti olùkọ́ rẹ kò tako ara wọn, ọmọ wa. Ibi tí oníkálukú dúró sí nígbà tó ń wo ẹyẹ náà ni kò papọ̀.

Bí wọ́n bá ní kí o kọ àròkọ lórí eré náà, wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀gágun Róòmù yìí àti àwòdì inú òwe wa. Tiwa kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, nítorí náà a lè dárí jì í. Tiwọn mọ̀, ó sì kórìíra ojú tí wọ́n fi ń wò ó. Ó fẹ́ iyì tí ìlú ń fúnni, kò fẹ́ ìlú. Mo rò pé ibẹ̀ ni gbogbo eré náà dúró lé.

Lẹ́tà láti Ṣábẹ̀ẹ́

"Ẹ kú làákàyè o. Àgbẹ̀ ni mí, mo sì ń sin adìyẹ díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ní àdúgbò wa, bí òròmọdìyẹ bá ti sọnù, àwòdì ni. Àwọn ọmọdékùnrin wa ń fi rọ́bà ta á, wọ́n sì ti pa méjì. Ìyàwó mi ní kì í ṣe àwòdì ló ń kó gbogbo wọn. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

Ìdáhùn

Ẹ kú oko o. Ìyàwó yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Kì í ṣe pé ọwọ́ àwòdì mọ́: ó ń gbé òròmọdìyẹ nígbà tó bá rí èyí tó ṣáko lọ ní gbangba, ìdí sì nìyí tí àwọn òbí wa fi máa ń kun àwọn ọmọ adìyẹ ní aró tàbí àwọ̀ pupa kí ojú ẹyẹ má baà dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n òkú ẹran, ẹja, eku, aláǹgbá àti tata ni oúnjẹ rẹ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná sun oko nígbà ọyẹ́ ti rí i: kí iná tó mú dáadáa ni wọ́n ti pé sórí èéfín, tí wọ́n ń ṣọ́ ohun tí yóò sá jáde.

Kí ẹ tó dájọ́, ẹ bi ara yín ní ohun méjì. Àkọ́kọ́, ìgbà wo ni ọmọ adìyẹ náà sọnù? Àwòdì kì í ṣọdẹ lóru. Èyí tó wà nílé ní ìrọ̀lẹ́ tí kò sí mọ́ ní òwúrọ̀, ejò, ẹtà, òkété tàbí ológbò aládùúgbò ni kí ẹ wá. Èkejì, oṣù wo ni? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwòdì máa ń pọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ìgbà náà ni wọ́n sì ń yé, tí wọ́n ń pa. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn a gbéra, wọn a forí lé ìhà àríwá, ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ ju tiwa lọ, wọn kò sì ní padà títí òjò yóò fi dá. Òròmọdìyẹ tó sọnù láàárín òjò ńlá, tí wọ́n ní àwòdì ló gbé e, ẹ̀sùn lásán ló ṣeé ṣe kí ó jẹ́, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn ti rìnrìn àjò. Irú èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo kọ̀wé sí ìyá aláṣọ Kétu pé ẹni tó ń wo òkè ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìlú tí kò wo dáadáa yóò pa ẹyẹ méjì, ẹtà yóò sì máa jẹun lọ.

Ẹ kọ́ ilé tó ní ilẹ̀kùn tó ń dé fún àwọn adìyẹ yín, ẹ kó wọn wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ sì fi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin sábẹ́ agbọ̀n ní ọ̀sán. Ẹ gba rọ́bà lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un nítorí àwọn tó bá rò pé àwòdì kò mọ nǹkan kan nípa orúkọ. Ní 2011, Fabrizio Sergio àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìwádìí ní Doñana, igbó ńlá tí ìjọba ń dáàbò bò ní ilẹ̀ Spain, gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí àwòdì dúdú, tí tiwa kò jìnnà sí. Àwọn ẹyẹ náà a máa kó ọ̀rá funfun, irú èyí tí a fi ń di ọjà, sí ìtẹ́ wọn kí wọ́n tó yé ẹyin. Àwọn tó lágbára, tí ọjọ́ orí wọn dára, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ilẹ̀ tó lọ́rọ̀, ni ọ̀rá wọn pọ̀ jù. Èwe àti arúgbó kì í sábà fi sí i. Àwọn àwòdì mìíràn ń wò ó láti òkè, wọ́n sì ń yẹra fún ìtẹ́ tí ọ̀rá pọ̀ sí. Nígbà tí àwọn olùwádìí náà wá fi ọ̀rá kún ìtẹ́ àwọn kan, ìjà dé: àwọn àwòdì tó yí wọn ká bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti dán wọn wò, àwọn onílé fúnra wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rá tí kì í ṣe tiwọn náà dànù. Ẹ rò ó wò. Ẹyẹ tí a ń pè lólè kọ orúkọ tí kò tọ́ sí i.

Lẹ́tà kejì láti Kétu

"Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ tó kọjá, wọ́n kọrin bá bàbá kan tó jẹ gbèsè ẹgbẹ́ tó sì ń sá kiri. Ọ̀dọ́ kan fi fóònù gbà á sílẹ̀, fídíò náà sì dé Kútọnu, ó dé Èkó, ó dé ilẹ̀ Faransé. Bàbá náà ti san gbèsè rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tó wà ní kíláàsì mi kò wá sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ orin náà fún un. Ṣé kì í ṣe pé ó tó àkókò kí a fi òpin sí orin Ẹ̀fẹ̀ tí ń tú àṣírí ènìyàn?"

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, olùkọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn wọ̀ mí lára, ẹ ó sì rí i pé orí rẹ̀ ni n ó parí èsì mi sí. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé kí a fi òpin sí Ẹ̀fẹ̀.

Gbogbo ayé ti mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọdún tí Ẹ̀fẹ̀ jẹ́ ara rẹ̀. Àjọ UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá aráyé ní 2008 ní orúkọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Àwọn àlejò mọ ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó, ìlù, orí igi tí a fín ẹyẹ àti ejò sí lórí. Alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni ti wa jù. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn akọrin alẹ́ náà, yóò jáde sí gbangba ọjà, yóò júbà fún àwọn ìyá, yóò gbàdúrà fún ìlú, lẹ́yìn náà yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tí kò sí ẹni tó láyà láti sọ lójú ọ̀sán: ẹni tó gba ilẹ̀ ọmọ òrukàn, alágbára tó ń fìyà jẹ aya rẹ̀, ìjòyè tó gbàbọ̀dè. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bá a jà nítorí rẹ̀. Níbi tí kò ti sí ẹlòmíràn tó lè bá olówó wí, ohùn yẹn ni tálákà ní. Bí a bá pa á lẹ́nu mọ́, àwọn tí inú wọn yóò dùn jù ni àwọn tí orin tọ́ sí.

Ohun tí fóònù ṣe ni kí a wò. Kétu jẹ́ ìlú olódi. Ẹnu ibodè Àkàbà Ìdẹ̀nà ni àwọn baba wa ń gbà jáde tí wọ́n ń gbà wọlé, àwọn tí ogun Dàhòmì kó lọ ní 1886 tí wọ́n sì padà wá tún ìlú tẹ̀ lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì mọ̀ pé ara wọn nìkan ni wọ́n ní. Nínú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n kọrin bá ní òru yóò pàdé àwọn tó gbọ́ orin náà ní òwúrọ̀. Wọn yóò kí i. Bó bá san gbèsè rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn náà ni yóò gbọ́. Bó bá ran ẹnì kan lọ́wọ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ojú wọn náà ni yóò ṣe. Orin náà ní àwọn ẹlẹ́rìí tó ń dúró de àtúnṣe. Fóònù gbé orin lọ, ó fi àwọn ẹlẹ́rìí sílẹ̀. Ará Èkó àti ará ilẹ̀ Faransé rí ìgbà tí bàbá náà ṣubú, wọn kò ní rí ìgbà tó dìde, wọn kò sì béèrè. Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ kì í ṣe Ẹ̀fẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, kí àkókò tó tún dé, ẹ bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ sì dé ọ̀dọ̀ Ìyáláàṣẹ̀, ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kéde pé kí gbogbo ènìyàn pa fóònù nígbà tí Ẹ̀fẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ènìyàn wí. Àdúrà, ijúbà àti ijó ọ̀sán, kí wọ́n máa yà á bí wọ́n bá fẹ́. Ẹ tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá orin kan lórí bàbá tó san gbèsè rẹ̀, kí ẹnu tó sọ èkínní sọ èkejì. Ọ̀dọ́ tó fi fídíò náà ránṣẹ́ kò lè dá a padà, ṣùgbọ́n ó lè kọ ọ́ sí gbogbo ibi tó fi í ránṣẹ́ sí pé a ti san gbèsè náà. Kí àwọn òbí rẹ̀ jókòó tì í títí yóò fi ṣe é.

Ní ti ọmọ yín, àwọn kan yóò sọ fún un pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀. Àgbà ló ni òwe yẹn, àgbà ló sì ń fi í bá ara rẹ̀ wí. Ẹ lọ sí ilé wọn fúnra yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ní ìrọ̀lẹ́ tí bàbá rẹ̀ bá wà nílé, ẹ kí bàbá náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ níṣojú ọmọ, ẹ jókòó, ẹ mu omi wọn. Ní ọjọ́ kejì, ẹ yà mú un ní ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì jọ wọ kíláàsì. Àwọn tó ń kọrin fún un, ẹ pe àwọn òbí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ilé ni wọ́n ti gbọ́ ọ.